Bí Mo Ṣe Bá Ọkọ Ọmọ Mi Yan Awò Ìbọn ní Kánádà

Láti ọjọ́ tí mo ti dé, kò sí ìrọ̀lẹ́ kan tí ènìyàn kì í yà sẹ́nu ọ̀nà wa ní Bẹyẹrunka láti bi mí pé báwo ni ìlú òyìnbó ṣe rí. Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu fi ń ro mí. Àwọn kan fẹ́ gbọ́ nípa òtútù, àwọn kan fẹ́ gbọ́ nípa iṣẹ́, àwọn mìíràn kàn fẹ́ mọ̀ bóyá mo pàdé ọmọ tiwọn níbẹ̀, àfi bí ẹni pé agbo ilé kan ṣoṣo ni Kánádà. Mo wá pinnu pé n ó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹni tó bá fẹ́ kà á kà á. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Ọba tó mú mi lọ, tó mú mi bọ̀, tó sì fi ohun kan hàn mí lọ́hùn-ún tí kì í ṣe òun ni mo tìtorí rẹ̀ lọ.

Fún ẹni tí kò mọ̀ mí, Gàníyù ni orúkọ mi. Ilé kéú kan lẹ́yìn Ọjà'ba ni mo ti kọ́ Kùránì, ilé ẹ̀kọ́ àwọn Mùsùlùmí ni mo ti mọ ìwé kọ, mo sì ṣe akọ̀wé ìjọba ní Àgọ́dì títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ilé ọdẹ ni wọ́n bí mi sí. Àwa mẹ́sàn-án la máa ń ṣọ́ oko àwọn ará ilé wa ní abúlé, èmi ni mo sì ń wà níwájú. Òfin wa kò pọ̀. Èyí tó ga jù nínú wọn ni pé ẹni tó wà níwájú ló ń sọ bóyá ohun tó mira nínú igbó jẹ́ ẹran tàbí ènìyàn. Bó bá ti ní ẹran ni, ẹran náà nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kì í bá a jiyàn.

Ó ti tó ọdún méjì tí ojú mi ti ń ṣe mí bákan. Irin kékeré tó yọ sókè lẹ́nu ìbọn, èyí tí a fi ń tọ́ka sí ẹran, a máa di méjì mọ́ mi lójú, nígbà mìíràn a sì máa ṣú dùdù bí èéfín. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Awakọ̀ tí kò mọ̀nà a máa béèrè ọ̀nà, ṣùgbọ́n ọdẹ tí kò ríran dáadáa a máa dákẹ́. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, n ó kúrò níwájú, ọgbọ̀n ọdún ó lé sì ni mo ti wà níbẹ̀.

Báyìí ni mo wà tí ọmọ mi, Bàṣírátù, fi pè mí láti Kánádà. Ó ní ọkọ òun, Wàsíù, ti ra ráífù, ìbọn tí ń yin ọta kan ṣoṣo, tí kì í fọ́n ọta ká bíi tiwa. Ìjọba ti fún un níwèé pé kó pa akọ àgbọ̀nrín kan. Ẹran tí wọ́n fi bísímílà pa ṣọ̀wọ́n ní ìlú kékeré tí wọ́n ń gbé, ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ pa tirẹ̀. Àwọn ọdẹ ibẹ̀ ní kó fi awò sórí ìbọn náà, awò kékeré tí àmì pupa kan ń tàn nínú rẹ̀, kí ojú rẹ̀ lè tètè mú ẹran láàárín igi. Irú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà, kò sì mọ èyí tí òun ìbá mú.

Bàṣírátù ní, "Ó ní àfi bí Bàbá bá bá òun yàn án."

Inú mi dùn. Ohun tí n kò sọ fún un ni pé mo ti gbọ́ nípa awò yẹn rí. Wọ́n ní ènìyàn kò nílò láti to irin ẹ̀yìn mọ́ irin iwájú mọ́, pé ibi tí àmì pupa bá bà ni ọta ń lọ. Mo rò ó nínú ara mi pé bí mo bá rí èyí tó bá ojú mi mu, n ó mú ọ̀kan bọ̀, n ó fi sórí ìbọn tèmi, kò sì sẹ́ni tí yóò mọ̀ pé ojú mi yẹ̀ rí.

Ìdọ̀bálẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú

Bí mo ṣe jáde síbi tí wọ́n ti ń pàdé àlejò, mo rí Wàsíù. Kí n tó rẹ́rìn-ín tán, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ dídán yẹn, tòun ti ẹ̀wù òtútù rẹ̀ tó wú bíi ìrọ̀rí.

"Ẹ káàbọ̀ sà. Ẹ kú ewu ọ̀nà o, Bàbá."

Kí n tó ní kó dìde, òyìnbó mẹ́ta ti dé ibẹ̀. Obìnrin kan ti kúnlẹ̀ tì í, ó ń fọwọ́ wá ìṣàn ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Ọkùnrin kan na ike omi sí i. Ẹnì kẹta ti yọ fóònù, ó fẹ́ pe dókítà.

Obìnrin náà ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé o ń gbọ́ mi? Kí ló ṣe ọ́?"

Wàsíù dáhùn láti ilẹ̀ níbẹ̀ pé, "Kò sóhun tó ṣe mí, mà. Bàbá ìyàwó mi ni."

Obìnrin náà gbójú sókè, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀ bí ẹni pé èmi ni mo tì í ṣubú. Nígbà tí Wàsíù ṣàlàyé, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bọ̀ mí lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin olómi gbé omi rẹ̀ fún mi, ó ní mo ti rin ọ̀nà jíjìn. Ohun àkọ́kọ́ tí mo jẹ tàbí tí mo mu ní orílẹ̀-èdè náà nìyẹn, omi tí wọ́n gbé wá fún ọkọ ọmọ mi nítorí pé ó kí mi.

Ìlú tí wọ́n ń gbé kéré, ilẹ̀ ibẹ̀ sì tẹ́jú ju bí mo ṣe lè ṣàpèjúwe lọ. Ẹni tó bá dúró lórí òkè Mápó nílé ń wo òrùlé lórí òrùlé ni, ojú rẹ̀ yóò sì rí ibi gbé e lé. Ní Kánádà, ojú ń lọ ni, kò ríbi dúró. Koríko gbígbẹ ni, ọ̀nà gbọọrọ, ilé kan níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún tó jìnnà réré. Gbogbo awakọ̀ tó bá pàdé wa ń na ìka kan sókè lórí ọwọ́ ọkọ̀ wọn, Wàsíù náà sì ń na tirẹ̀. Mo bi í pé ṣé ó mọ gbogbo wọn ni.

"N kò mọ ẹnì kankan nínú wọn, Bàbá. Bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn nìyẹn."

Mo ní, "Ìka kan?"

"Ìka kan náà ni, sà. Àwọn tó bá fẹ́ràn yín gan-an lè na méjì."

Obẹ̀ Hẹ́lẹ́nì

Hẹ́lẹ́nì ni aládùúgbò wọn, opó tó lé lọ́gọ́rin ọdún. Ọjọ́ kejì tí mo dé ló ti gbé ìkòkò obẹ̀ wá. Obẹ̀ náà pupa tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi yọ̀, mo rò pé ata ni. Kò sí ata kankan níbẹ̀. Gbòǹgbò kan tó pupa láti inú wá ni wọ́n fi sè é, ó sì dùn díẹ̀ bí ìrèké.

Ó fà á síwájú mi, ó ní, "Gàníyù, jẹun."

Mo wo Bàṣírátù, Bàṣírátù ń wo ilẹ̀. Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti kú, obìnrin kankan kò pe orúkọ mi lásán bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò ní àrífín nínú, ó sì ju mí lọ lọ́jọ́ orí, nítorí náà mo dá a lóhùn.

N kò tíì kan obẹ̀ náà. Mo bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bóyá ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó ní rárá. Lẹ́yìn náà ló dìde, kò sọ ibi tó ń lọ, ó gba inú òtútù lọ sílé rẹ̀. Nígbà tó padà, ó kó ike àti páálí bíi mẹ́fà dání. Ó ti lọ ṣa wọ́n jáde láti inú garawa ìdọ̀tí rẹ̀. Ó tò wọ́n sórí tábìlì, ó sì ń ka ohun tí wọ́n kọ sára wọn fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọmọ kéú tó ń ka wàláà rẹ̀ fún alùfáà: iyọ̀, òróró, àlùbọ́sà, omi. Nígbà tó kà á tán, ó ní, "Ó yá, fi ojú ara rẹ kà á."

Mo gbé ọ̀kan. Lẹ́tà ara rẹ̀ kéré, n kò lè kà á. Mo mi orí bí ẹni tó kà á tán, mo ní ó dára. Mo sì fi bísímílà jẹ obẹ̀ náà.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, a lọ kírun. Mọ́sálásí wọn jẹ́ ilé kan tí wọ́n ti ń tún bàtà ṣe tẹ́lẹ̀. Awakọ̀ akẹ́rù ni ìmáàmù, ó wá láti Sòmálíà. Ẹni tó wà lápá ọ̀tún mi wá láti Síríà, ti apá òsì wá láti Pakisítánì, kò sì sí èyí tó gbọ́ èdè ẹnì kejì. Nígbà tí ìmáàmù bẹ̀rẹ̀ Fátíhà, gbogbo wa gbọ́ ọ. Alihamudulilai. Mo ti ń ka súrà yẹn láti kékeré, ṣùgbọ́n àárín àwọn àjèjì yẹn ni mo ti kọ́kọ́ fetí sí i bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ilé.

Ṣọ́ọ̀bù Wọ́tà

Ìlú kejì ni ṣọ́ọ̀bù náà wà. Ìbọn, ìwọ̀ ẹja, bàtà òjò àti súìtì ni wọ́n ń tà pọ̀ níbẹ̀. Wọ́tà ni orúkọ ẹni tó ni ín, bàbá arúgbó tó wọ awò ojú tó nípọn, tí irun imú rẹ̀ funfun báláú. Wàsíù náà ń pè é ní Wọ́tà, ojú sì ń tì mí fún un.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé n kò kàn lọ dúró bí òpó. Wọ́tà to awò mẹ́fà sórí káńtà, kò sí èyí tó gùn ju àtàǹpàkò ọkùnrin lọ nínú wọn. Àwọn kan dà bí fèrèsé kékeré tí a là sílẹ̀. Àwọn yòókù yí po bí ọpọ́n kékeré, wọ́n dí níwájú dí lẹ́yìn. Mo bi Wọ́tà pé bí yìnyín bá wọ inú èyí tó dà bí fèrèsé ńkọ́? Ó ní àmì pupa náà yóò pòórá títí ènìyàn yóò fi nù ún. Mo ní kó kó ìyẹn kúrò nílẹ̀. Ọ̀kan ní bọ́tìnì mẹ́rin. Mo sọ fún Wàsíù pé ohun tó bá ní bọ́tìnì púpọ̀, ọjọ́ tí ẹran bá yọ lo máa gbàgbé èyí tí o fẹ́ tẹ̀, pàápàá bí o bá wọ ìbọ̀wọ́. Wọ́tà rẹ́rìn-ín, ó ní òótọ́ ni. Ó bi mí pé ọdún mélòó ni mo ti ń dẹ̀gbẹ́. Mo sọ fún un. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ó wá ku mẹ́ta nílẹ̀. Wọ́tà tan ọ̀kan, ó ní kí n gbé e sójú, kí n la ojú méjèèjì, kí n sì wo orí ẹran gbígbẹ kan tí wọ́n kàn mọ́ ògiri lọ́hùn-ún.

Mo wò ó. Wọ́n ti sọ fún mi pé àmì roboto ni n ó rí. Ohun tí mo rí dà bí ata rodo tí ènìyàn gbé ọlọ lé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó pupa lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó fọ́n síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó sì ní ìrù.

Mo ní, "Èyí ti bàjẹ́."

Wọ́tà gbà á, ó wò ó. "Ó bàjẹ́ báwo?"

"Àmì rẹ̀ fọ́n. Wàsíù, wò ó."

Wàsíù gbé e sójú. Ó yíjú wò mí. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà. Ó fọ́n."

Wọ́tà gbé èkejì fún mi. Ata rodo náà ni. Mo ní èyí tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wàsíù wò ó, ó ní, "Ó burú jù ú lọ lóòótọ́, Bàbá." Wọ́tà dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù, ó ní bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ jù, a máa fọ́n. Ó dín in kù títí ó fi ku bíńtín. Ata náà kéré sí i, ṣùgbọ́n fífọ́ ló ṣì fọ́. Ẹ̀kẹta náà rí bákan náà.

Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Mo sọ fún Wàsíù ní Yorùbá pé, "Àlòkù ni bàbá yìí ń tà fún wa. Ó rò pé ara oko ni wá."

Wàsíù ní, "Ó jọ bẹ́ẹ̀ sà."

Wọ́tà kò gbọ́ èdè wa, ṣùgbọ́n ó wo ojú mi, ó sì wo ojú Wàsíù. Kò bínú. Ó mú fóònù láti inú àpò rẹ̀, ó gbé awò ẹ̀kẹta ka orí àpótí ọta kan kó má baà mì, ó sì fi ojú fóònù yẹn sí ẹ̀yìn awò náà níbi tí ojú ènìyàn ń wà. Ó ya àwòrán. Ó fi hàn mí.

Àmì náà wà níbẹ̀ lára orí ẹran náà. Ó ṣe roboto, ó mọ́ kedere, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ.

Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún èkejì àti fún èkínní. Roboto ni, roboto ni.

Wọ́tà ní, "Fóònù kò ní ojú tó ń dàgbà." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sórí káńtà, ó sì gbé ọ̀kan nínú awò ìbọn náà sí ojú lásán. "Bí n kò bá wọ awò, tèmi dà bí ìràwọ̀ onírù. Ó ti tó ogún ọdún. Tìrẹ ńkọ́?"

Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, Wàsíù yóò gbọ́ ọ, Bàṣírátù yóò gbọ́ ọ, kò sì ní pẹ́ kó tó dé Bẹyẹrunka. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà ló bi mí, ó sì ti kọ́kọ́ sọ tirẹ̀.

Mo ní, "Ata tí wọ́n lọ̀."

Ó mi orí. Ó ní, "Lọ rí dókítà ojú." Ó yí sí Wàsíù. "Ìwọ wá ńkọ́? Kí ni ìwọ rí?"

Wàsíù ń wo bàtà rẹ̀.

Nínú ọkọ̀

Awò tó yí po, tó dí níwájú dí lẹ́yìn, tí a fi ń yí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bí ẹni ń yí rédíò, tí àmì rẹ̀ sì kéré kó má baà bo ẹran tó wà lókèèrè mọ́lẹ̀, ni a mú. Ó dára, mo sì tún lè jẹ́rìí sí i lónìí. Bí ọkọ̀ ṣe gbéra ni mo yíjú sí Wàsíù.

"Roboto lo rí?"

"Roboto ni, Bàbá."

"Láti ìbẹ̀rẹ̀?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀ sà."

"Kí ló wá dé tí o ní ó fọ́n?"

"Ẹ̀yin lẹ ní ó fọ́n, sà."

"Ṣé ojú mi lo fi ń wò ni?"

Ó mí kanlẹ̀. "Bàbá, ẹ gbọ́. Bí mo bá ní roboto ni, ṣé mo ti pe bàbá ìyàwó mi ní afọ́jú nìyẹn lójú òyìnbó? Kí ni Bàṣírá máa fojú mi rí bí mo bá délé? Mo ti gbà pé bí ẹ bá ní kí a má ra nǹkan kan, a ò ní rà á. Bí ẹ bá sì ní èyí tó fọ́ ni ká rà, màá rà á."

"Wàá fi yìnbọn?"

"Màá wá nǹkan ṣe sí i, sà."

Ó sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́, kò sí ẹ̀gàn kankan nínú rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ara mi tutù. Mo wo ojú fèrèsé, mo sì ń rí àwọn mẹ́jọ tó ń tẹ̀ lé mi nínú igbó wa. Wọn kò ní ìwà tó burú ju ti Wàsíù lọ. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún mi bó ṣe bọ̀wọ̀ fún mi. Mo wá ń bi ara mi pé láti ọdún méjì, nígbà tí mo bá ní ẹran ni, kí ni ojú tiwọn ń rí?

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, dókítà ojú kan, ọmọbìnrin Pakisítánì tó ń kírun ní mọ́sálásí wa, yẹ̀ mí wò. Ó ní dígí ojú mi ti tẹ̀, pé awò ojú yóò tún ìyẹn ṣe. Ṣùgbọ́n ó ní ìkùukùu ti ń bo ojú méjèèjì, pé ó tó kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ nígbà tí mo bá délé. Mo bi í pé bí mo bá wọ awò, ṣé mo lè yìnbọn ní ìdájí.

Ó ní, "Ẹ lè yìn ín. Ohun tí ẹ máa yìn ín lù ni n kò mọ̀."

Igbó wọn

Igbó wọn kò dí bíi tiwa. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ewé ti tán lórí wọn ni, yìnyín díẹ̀ sì wà nílẹ̀, tí ẹsẹ̀ ń dún lórí rẹ̀ bí ẹni ń jẹ gúgúrú. Ọ̀pọ̀ ọdẹ ibẹ̀ ń wọ aṣọ olómi ọsàn, kí ọdẹ ẹlẹgbẹ́ wọn má baà ṣì wọ́n mú. Mo rò ó dáadáa, mo sì rí i pé àwọn náà mọ̀ pé ojú lè tan ọdẹ jẹ.

N kò gbé ìbọn. Mo ní kí Wàsíù wà níwájú. Ó ní kò lè ṣe é ṣe, pé kò sí bí òun ṣe lè kọ̀yìn sí mi. Mo ní àṣẹ ni. Ó gbà, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà ló ń wẹ̀yìn bí ẹni tó jí nǹkan.

Lọ́jọ́ kejì, ní kùtùkùtù lẹ́yìn ìrun Súbúhì, nǹkan mira láàárín igi. Wàsíù gbé ìbọn sójú. Ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Bàbá, ẹran ni?"

Mo rí nǹkan eérú kan tó dúró. Ahọ́n mi ti gbéra láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo gé e jẹ.

Mo ní, "Má bi mí. Ìwọ lo ni ojú, sọ ohun tí o rí."

Ó tún wò ó. Lẹ́yìn náà ló sọ ìbọn kalẹ̀. "Abo ni, sà. Kò ní ìwo. Kò sí nínú ìwé mi."

Mo ní, "Ó káre."

Ó yí padà wò mí, ó fẹ́ mọ̀ bóyá inú ń bí mi. Nígbà tó rí i pé kò bí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó sì jọ pé èjìká rẹ̀ fúyẹ́. Ọjọ́ kẹta ló pa akọ kan. Mo gbọ́ bó ṣe fi bísímílà síwájú kó tó yìn ín. Hẹ́lẹ́nì gba itan kan níbẹ̀, Wọ́tà gba ìkejì.

Ilé

N kò mú awò kankan bọ̀. Awò ojú ni mo wọ̀ délé, àwọn ọmọ àdúgbò sì ti ń pè mí ní púrófẹ́sọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo pe àwọn ọdẹ mẹ́jọ náà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Mo gbé ìbọn mi kalẹ̀ sáàárín wọn, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́: ojú, ṣọ́ọ̀bù, àwòrán inú fóònù, ohun tí dókítà wí. Mo ní láti ọjọ́ náà lọ, Làmídì, tó ń tẹ̀ lé mi lẹ́yìn láti ọdún mẹ́wàá, ni yóò máa wà níwájú. Mo tún ní kí òfin wa yí padà, pé ẹni tó bá rí ohun tó yàtọ̀ sí èyí tí ẹni iwájú rí, kó sọ ọ́ síta, ìbáà ṣe ẹni tó kéré jù nínú wa.

Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Mo rí ìyẹn kedere, ó sì dùn mí díẹ̀.

Làmídì fọwọ́ nu ojú. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹ má bínú sí mi."

"Sọ ọ́."

"Ọjọ́ tí a wà létí odò, lọ́dún tó kọjá. Tí ẹ ní ìgalà ni. Tí ẹ ti gbé ìbọn sójú, tí ikọ́ wá gbé mi."

Mo rántí. Ikọ́ náà le, nǹkan ọ̀hún sì ti gba inú igbó sá lọ. Mo bú Làmídì láti ibẹ̀ dé ilé. Mo ní ọdẹ wo ló ń wúkọ́ bí ewúrẹ́ tó jẹ iyọ̀. Mo ní ọ̀lẹ ni, pé ó ti lé oúnjẹ gbogbo wa lọ.

Ó ní, "Kò sí ikọ́ lọ́fun mi lọ́jọ́ náà, Bàbá. Ìyá Ràfíù ni. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń já ewé."

Ìyá Ràfíù ni ìyàwó ẹni tó ni oko tí a ń ṣọ́ lọ́jọ́ náà. Ó kí mi ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú yẹn gan-an, ó bi mí bóyá òtútù òyìnbó kò ṣe mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì ti ìbọn náà jìnnà sí mi.

Mo bi àwọn yòókù pé ta ló tún rí i. Wọ́n wo ara wọn. Gbogbo wọn ló rí i.

"Kí ló dé tí ẹ kò wí?"

Mo yíjú sí Làmídì, ohun kan ṣoṣo tó kù tí mo lè bi í sì ni mo bi í.

"Àgbo ikọ́ tí mo sè fún ọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tí mo ní kí o mu fún ọjọ́ méje. Ṣé o dà á nù?"

Làmídì ní, "Rárá o, Bàbá. Mo mu ún. Ọjọ́ méjèèje. Ó korò, àmọ́ ẹ̀yin lẹ ní kí n mu ún."